Ohun Tí Bàbá Mi Kọ́ Evelio Nípa Ológoṣẹ́

Ìda ni bàbá mi ń sè jẹun. Melitón ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Evelio ni gbogbo abúlé ń pè é nítorí àkọ́bí rẹ̀. Èmi, Eulalia, ni mo tẹ̀lé Evelio, Ọlọ́run ò sì fún àwọn òbí wa ní ẹlòmíràn mọ́. Tí òjò bá ti lọ, tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú láàárọ̀, bàbá mi á di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́ta ní gàárì, á gbé ìkòkò irin ńlá kan, ásíìdì àti àgbá omi lé wọn lẹ́yìn, á wọ inú aṣálẹ̀ lọ fa kandelíya tu. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo ara kandelíya, ó sì máa ń fi ìda bo ara rẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Ìda yẹn la ń fi omi gbígbóná àti ásíìdì sè jáde. Tí òjò bá ń rọ̀, ìda kì í pọ̀ lára rẹ̀, nítorí náà láti oṣù kẹfà títí òjò á fi dáwọ́ dúró, ibi ìwakùsà tó jìnnà sí wa ní ìrìn ọjọ́ kan ni bàbá mi máa ń wà. Láti ìgbà tí apá Evelio ti ká àáké ló ti ń bá a lọ síbi méjèèjì.

Ewúrẹ́ ni iṣẹ́ èmi àti ìyá mi. Ewúrẹ́ ò mọ oṣù. Òjò ni o, ọ̀gbẹlẹ̀ ni o, ó di dandan ká dà wọ́n lọ jẹ̀ láàárín igi gobernadora àti ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún. Bí mo ṣe wá mọ aṣálẹ̀ ní ìgbà tí àwọn ọkùnrin ilé wa ò sí níbẹ̀ nìyẹn. N kò kà á sí nǹkan kan.

Ní oṣù kìíní ọdún kan, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí Evelio jẹ́ mẹ́tàdínlógún, ìyá mi rán mi pé kí n gbé tòtíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a fi àgbàdo ṣe, àti ẹ̀wà lọ fún wọn ní àgọ́ ìda. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá àgbá omi ní ìdùbúlẹ̀, ilẹ̀ tutù rinrin yí i ká. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ló ta á nípàá.

“Ta ló so ẹran mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgbá omi?” bàbá mi ń béèrè.

“Èmi ni, Bàbá,” Evelio dáhùn.

“Nínú ìwọ àti òun, èwo ló gbọ́n jù?”

“Ẹ bi òun náà, bóyá ó máa dá yín lóhùn.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Kì í pẹ́ bínú nígbà náà. Ó jókòó lé òkúta, ó ní, “Ó dáa. Omi ti tán. Ká ní ìwọ nìkan lo wà níbí, kí lo máa ṣe?”

“Màá padà sílé.”

“Tílé bá jìnnà ńkọ́?”

Evelio wo ilẹ̀. Bàbá mi wá nawọ́ sí orí igi gobernadora kan tí kò jìnnà sí wa ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lọ. Ẹyẹ kékeré kan bà lé orí rẹ̀. Ó kọrin lẹ́ẹ̀kan: ohùn méjì tó mọ́ gaara, lẹ́yìn náà ohùn tín-ín-rín kan tó ń gbọ̀n.

“Wo ológoṣẹ́ yẹn dáadáa,” ni bàbá mi wí. “Ara rẹ̀ rí bí eérú. Ìlà funfun kan gba òkè ojú rẹ̀ kọjá, òmíràn gba ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìrù rẹ̀ dúdú, igun ìrù yẹn funfun. Ọ̀fun rẹ̀ ńkọ́?”

“Dúdú bí ìdí ìkòkò.”

“Ọlọ́fun-dúdú nìyẹn. Òun ò nílò kó rí omi. Kòkòrò àti ewé tútù tó ń jẹ ti tó fún un. Tó o bá tẹ̀lé e, ibi tí kò sí nǹkan kan ló máa mú ẹ dé, òun á máa kọrin, ìwọ á máa lá ètè. Ọ̀kan tún wà tó jọ ọ́. Òun náà ní ìlà lójú, igun ìrù tiẹ̀ náà funfun. Àmọ́ ọ̀fun tiẹ̀ funfun, àmì dúdú kan ṣoṣo sì wà láàárín àyà rẹ̀, bí ẹni pé èèyàn fi ìka tó kan èédú tọ́ ọ. Alámì la ń pe ìyẹn. Kò lè ṣe kó má mumi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tó o bá rí i láàárọ̀, wo ibi tó fò gbà, kó o máa bá a lọ.”

“Tí mi ò bá rí àmì yẹn ńkọ́? Tó bá kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi?”

“Kì í ṣe gbogbo ìgbà lèèyàn ń rí àmì. Ọ̀fun ni kó o wò. Tó bá dúdú, fi í sílẹ̀. Tí ò bá dúdú, tẹ̀lé e. Ọ̀fun kì í purọ́.”

Evelio yíjú sí mi. “Eulalia, gbé àgbọ̀n ẹ sókè ká wo tìẹ.”

Mo ju òkúta lù ú. Bàbá mi ní ká dẹ́kun eré, ká jẹun, kí a padà lọ pọn omi.

Nǹkan kan wà tí bàbá mi ò sọ lọ́jọ́ náà, mo sì mọ̀ ọ́n. Ní oṣù keje ọdún mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo rí ìtẹ́ ọlọ́fun-dúdú nínú ọrọ́ kan tí kò ga ju eékún mi lọ. Ẹyin mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń yà wò wọ́n tí mo bá ń da ewúrẹ́ kọjá, títí wọ́n fi pa, títí àwọn ọmọ fi jáde. Àwọn ọmọ yẹn ò ní ọ̀fun dúdú. Funfun ni ọ̀fun wọn. Ìlà tín-ín-rín wà láyà wọn. Ìlà ojú wọn bá ti bàbá wọn mu, ìrù wọn náà bá a mu, àmọ́ ẹni tí kò bá rí i bí bàbá wọn ṣe ń fi kòkòrò sí wọn lẹ́nu á ní ẹyẹ mìíràn ni. Bí òjò bá ti tán, tí òtútù dé, ọ̀fun wọn á ti dúdú. Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá mi máa ń wọ aṣálẹ̀. Kò rí wọn ní kékeré rí.

Ó yẹ kí n sọ ọ́. Kì í ṣe pé mo fi pamọ́. Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ni. Ẹ̀wà sì ti ń tutù, ebi sì ń pa mí.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n ti ibi ìwakùsà pa, òjò sì kọ̀ láti rọ̀ fún ọdún méjì gbáko. Nabor, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti gba odò ibodè kọjá sí orílẹ̀-èdè òdìkejì lẹ́ẹ̀mẹta rí. Ó wá sọ fún wa ní oṣù kẹjọ pé ọkùnrin kan tó ní oko màlúù níbẹ̀ ń wá ẹni méjì tó máa tún ọgbà ṣe. Evelio ní òun á lọ. Ìyá mi ní kí wọ́n dúró di ìgbà òtútù.

“Ìgbà òtútù ni gbogbo èèyàn ń lọ, Màmá Tomasa,” ni Nabor wí. “Àwọn aṣọ́bodè náà sì mọ̀.”

“Oòrùn ò ní pa àwọn aṣọ́bodè. Ẹ̀yin ló máa pa.”

“Ọjọ́ márùn-ún péré ni, Màmá. Mo mọ ibi tí omi wà.”

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ìyá mi ṣe tòtíyà tó nípọn, ó fi ẹ̀wà àti ata sínú wọn, ó fi aṣọ wé wọn. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Omi ni kó o gbé. Má gbé aṣọ.”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

“Má kánjú. Ìwọ àti ìkánjú, ẹ̀ ń bára yín tan.”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

Evelio wá sọ́dọ̀ mi, ó fa irun mi. “Màá fi ọkọ kan ránṣẹ́ sí ẹ láti òdìkejì. Èyí tó níkùn ńlá, kó o lè ríbi gbórí lé.”

“Wá ìyàwó tìẹ ná,” mo dá a lóhùn.

Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi láyé mọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni Nabor padà dé. Ọ̀sán gangan ni. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀, ó fi àkísà wé ẹsẹ̀ méjèèjì nínú rẹ̀, ó sì ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún. Ìyá mi wà nídìí ọlọ, ó ń lọ àgbàdo. Ó wo Nabor, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sí ẹnì kankan. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó jókòó. Bàbá mi ti ẹ̀yìnkùlé wọlé wá.

“Sọ ọ́,” ni bàbá mi wí.

Nabor ò lè gbójú sókè. “Ọjọ́ kẹta la dé ibi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń fa omi fún màlúù, èyí tí mo mọ̀. Ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́. Ọpọ́n ti gbẹ, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ti sán. Omi tó kù lọ́wọ́ wa ò kún ife. Mo ní ká lọ sí títì kí àwọn aṣọ́bodè mú wa. Evelio ní tí wọ́n bá mú wa, gbogbo ìyà tí a ti jẹ já sásán nìyẹn. A sùn síbẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fọwọ́ tọ́ mi, ó ní, ‘Nabor, wo ẹyẹ yẹn.’”

Bàbá mi gbórí sókè. “Ẹyẹ wo?”

“Ológoṣẹ́ kan. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun. Ó ní kí n má mira kó má baà fò. Ó wò ó pẹ́, Bàbá. Ó fọwọ́ ṣíji bojú, ó ń wò ó. Ó ní ọ̀fun rẹ̀ ò dúdú, pé omi ò jìnnà mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ yẹn fò wọ ipa odò kan tó ti gbẹ, Evelio tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ mi ti bó nígbà yẹn, mi ò lè tẹ òkúta. Ó ní kí n jókòó sábẹ́ igi, òun ń bọ̀ wá gbé omi fún mi.”

“O sì jókòó,” ni ìyá mi wí.

“Mo jókòó, Màmá. Mo jókòó títí oòrùn fi wálẹ̀. Mo pè é títí ohùn mi ò fi jáde mọ́. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbi títì. Àwọn aṣọ́bodè ló rí mi, wọ́n fún mi lómi. Mo bẹ̀ wọ́n. Mi ò parọ́, wọ́n wá a, wọ́n mú ajá lọ. Àmọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òjò rọ̀. Ó fọ gbogbo ipa ẹsẹ̀ lọ.”

Òjò tí a ti ń wá fún ọdún méjì. Ìyá mi fi ìkángun aṣọ rẹ̀ bojú. Mo retí pé bàbá mi á lọ dì í mú. Ṣùgbọ́n Nabor ni bàbá mi ṣì ń wò.

“Àyà ẹyẹ yẹn ńkọ́?”

“Àyà rẹ̀?”

“Ṣé àmì dúdú kan wà níbẹ̀?”

Nabor ronú. “Ìlà tín-ín-rín ni mo rí níbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù fà á. Mi ò rí àmì.”

Bàbá mi fọwọ́ gbá itan. “Kò wo àyà. Mo sọ fún un. Àmì kan ṣoṣo, láàárín àyà. Kò fara balẹ̀ wò ó.”

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo gbé abọ́ àgbàdo lọ́wọ́. Bí Nabor ṣe sọ̀rọ̀ ìlà tín-ín-rín ni mo ti mọ ẹyẹ tí ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ àwọn ewúrẹ́ wa. Ó wò ó dáadáa. Ohun tí wọ́n ní kó wò ló wò. Mo gbé abọ́ yẹn kalẹ̀ jẹ́jẹ́, mo jáde lọ bá àwọn ewúrẹ́.

Bàbá mi lọ sí afárá ibodè, ó kọ orúkọ Evelio sílẹ̀ fún àwọn aláṣẹ òdìkejì. Wọ́n gbé àpótí kan síwájú rẹ̀, inú rẹ̀ ni àwọn nǹkan tí wọ́n rí lára òkú nínú aṣálẹ̀ wà: ìgbànú, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, bàtà ẹsẹ̀ kan, àwòrán ọmọ jòjòló kan. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ti Evelio níbẹ̀. Ó padà sílé, kò sì sí òkú tí a máa sin. Ìyá mi kọ̀ láti gbé fọ́tò rẹ̀ sáàárín fọ́tò àwọn òkú ilé wa nígbà tí ọjọ́ ìrántí wọn pé ní oṣù kọkànlá. Ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ẹni tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀, á sọ ọ́ fún un. Ẹni tó wá ra ewúrẹ́, á sọ ọ́ fún un. “Ìkánjú ló pa ọmọ mi. Mo kọ́ ọ ní gbogbo ẹ̀, kò fara balẹ̀.” Bí ó bá ń sọ ọ́, á máa fọwọ́ tọ́ àárín àyà ara rẹ̀, níbi tí àmì ẹyẹ yẹn yẹ kó wà. Kò rántí pé òun náà sọ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà lèèyàn ń rí àmì. Bóyá ó rántí. Bóyá ìdí tó fi ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ nìyẹn. Èmi ò lè sọ.

Ìyá mi ò bá a jà. Ó kàn dẹ́kun bíbá a sọ̀rọ̀ ni. Á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á yíjú sí mi, á ní, “Sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀.” Bàbá mi á ní, “Sọ fún ìyá ẹ pé mo ti rí i.” Tábìlì kan náà la jọ jókòó sí.

Èmi náà dákẹ́. Tí mo bá sọ ọ́, Evelio á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi, bàbá mi á wọ inú rẹ̀. Mo máa ń wo bàbá mi, irun rẹ̀ ti funfun tán láàárín ọdún kan, mo máa ń sọ fún ara mi pé òkú ò gbọ́ èébú, àmọ́ alààyè ń gbọ́. Ọdún méjì ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún kejì, ọmọ aládùúgbò wa kan tó ń jẹ́ Práxedis ń múra àtilọ sí òdìkejì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni. Àwọn ará ilé rẹ̀ pa ewúrẹ́ kan, wọ́n pè wá. Bàbá mi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí èmi àti ìyá mi jókòó sí.

“Ọ̀fun ni kó o kọ́kọ́ wò. Tí ò bá dúdú, omi ò jìnnà. Ọ̀fun kì í purọ́. Lẹ́yìn náà kó o wo àyà. Má ṣe bíi ti ọmọ mi tí ò lè dúró wo nǹkan.”

Ìyá mi dìde. Ó rìn padà sílé wa, ó di aṣọ méjì sínú àpò, ó fi fọ́tò Evelio lé e, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá Nabor, ní abúlé kejì. Kò sọ fún mi kí n sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ nígbà náà pé n kò lè dákẹ́ mọ́. Kì í ṣe nítorí ìyá mi nìkan. Práxedis ń lọ ní ọ̀túnla, ohun tó pa Evelio ni bàbá mi sì ń kọ́ ọ.

Mo sọ fún bàbá mi pé kó bá mi da ewúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

“Ṣé àwọn ewúrẹ́ ti ń lù ẹ́ ni?” ó bi mí.

“Ẹ ṣáà bá mi lọ, Bàbá.”

Mo mọ ibi tí àwọn ológoṣẹ́ yẹn wà. Láti ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti ń rí wọn. A jókòó sẹ́yìn igi mèsúkítì kan, kò pẹ́ tí ẹyẹ kékeré kan fi fò wá sórí ọrọ́ tó wà níwájú wa.

“Kí nìyẹn, Bàbá?”

Ó rọ ojú pọ̀. “Alámì ni. Ọ̀fun rẹ̀ funfun.”

“Àmì àyà rẹ̀ ńkọ́?”

Ó wò ó. “Ó lè jẹ́ iyẹ́ ló bò ó.”

“Ẹ máa wò ó.”

Ẹyẹ náà ń gbọn ìyẹ́ rẹ̀ pìpìpì, ó ya ẹnu. Ọlọ́fun-dúdú kan ti inú igi gobernadora fò jáde, ó gbé kòkòrò aláwọ̀ ewé kan sẹ́nu, ó bà lé ẹ̀gbẹ́ èyí tí ọ̀fun rẹ̀ funfun, ó fi kòkòrò náà sí i lẹ́nu. Ó fò lọ. Ó tún padà wá, ó tún fún un. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá mi ṣí akẹtẹ̀ rẹ̀ lórí.

“Ọmọ rẹ̀ ni,” ó wí.

“Ọmọ rẹ̀ ni, Bàbá.”

“Bí gbogbo wọn ṣe ń rí nìyí?”

“Gbogbo wọn. Títí òtútù á fi dé.”

“Oṣù kẹjọ ni Evelio àti Nabor lọ.”

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ́. Àwọn ewúrẹ́ ti ń jẹ̀ lọ sí òkè, n kò dìde lọ dá wọn padà.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá.”

“O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń kọ́ ọ.”

“Mo wà níbẹ̀, Bàbá.”

Mo ń retí ìgbájú. Ká ní ó gbá mi, bóyá ì bá sàn. Ó kàn ń yí akẹtẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ni. “Ìdajì ọdún ni mo mọ̀,” ó ní. “Mo ń kọ́ ọmọ mi bí ẹni pé mo mọ ọdún tán. Ó yẹ kí n ti bi ìwọ. Àmọ́ èèyàn kì í bi ọmọdébìnrin ní nǹkan. Ọdún méjì ni mo fi bú u.”

Láti ibẹ̀, kò yà sílé wa. Ilé Práxedis ló gbà lọ, mo ń sáré tẹ̀lé e. Ó bá ọmọkùnrin náà níbi tó ti ń rán okùn bàtà.

“Ohun tí mo sọ fún ẹ lánàá nípa ẹyẹ, gbàgbé ẹ̀. Irọ́ ni. Má tẹ̀lé ẹyẹ kankan. Tí omi bá ti kù díẹ̀, wá títì lọ, kí wọ́n mú ẹ. Ṣó o gbọ́?”

Práxedis ń wò ó bí ẹni pé ara rẹ̀ ò yá. “Ẹ má bínú, Bàbá Evelio. Mo ti mutí lánàá. Mi ò rántí nǹkan kan tẹ́ ẹ sọ nípa ẹyẹ.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni bàbá mi wí. “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, a kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà la dé ọ̀dọ̀ ìyá Nabor. Ìyá mi wà ní àgbàlá, ó ń sá aṣọ. Bàbá mi ò wọlé. Ó dúró síbi tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí a mú wá dúró sí, ó di akẹtẹ̀ rẹ̀ mú níwájú.

“Ìyá Evelio,” ó wí. Láti ọdún méjì, òun fúnra rẹ̀ ò tíì pè é. “Ọmọ ẹ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ohun tí mo ní kó wò ló wò. Èmi ni mi ò mọ ẹyẹ yẹn tán.”

Ìyá mi fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ okùn. “Mo ti mọ̀ pé ọmọ mi gbọ́ràn,” ó wí. “Mi ò nílò ẹyẹ kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.” Omi wá ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá mi sún mọ́ ọn, ó sọ gbogbo ohun tó rí fún un, ọ̀fun funfun, ìlà tín-ín-rín, kòkòrò aláwọ̀ ewé. Kò fi orúkọ mi pamọ́, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ta ló fi hàn án? Ìyá mi yíjú sí mi.

“Ìwọ mọ̀?”

“Mo mọ̀, Màmá.”

“Nígbà tí Nabor ń sọ ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“O jókòó sí tábìlì mi lójoojúmọ́, o ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú ọmọ mi tí ò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀, o sì mọ̀.”

“Tomasa, fi í sílẹ̀,” ni bàbá mi wí.

“Mi ò bá ìwọ sọ̀rọ̀.”

Ó bá wa padà sílé ní ọjọ́ náà. Òun ló gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, bàbá mi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí gàárì, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lójú ọ̀nà. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí a délé, tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, bàbá mi ló kọjú sí. “Sọ fún ọmọ ẹ pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀.”

Báyìí ni ilé wa ṣe wà fún ìgbà pípẹ́. Bàbá mi ò sọ̀rọ̀ ìkánjú mọ́. Kò tún lọ sè ìda mọ́ pẹ̀lú. Ó ní àyà ń dun òun, òótọ́ sì ni, eruku ìwakùsà àti èéfín ásíìdì ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Nígbà òjò, á bá mi da ewúrẹ́. Á jókòó sẹ́bàá ọrọ́ níbi tí àwọn ológoṣẹ́ wà, á máa wo àwọn ọmọ tí ọ̀fun wọn ṣì funfun, títí màá fi sọ pé ó tó àkókò ká máa lọ. Ìgbà òjò kẹrin ni kò lè dìde mọ́. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Práxedis wà lára àwọn tó gbé pósí. Ó ti òdìkejì padà dé, ara rẹ̀ le koko.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sí ẹnì kankan tí ìyá mi lè rán sí mi mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó bá pọn dandan: iyọ̀ ti tán, ewúrẹ́ kan ń yarọ, ti ilẹ̀kùn. N kò bẹ̀ ẹ́. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn. Títí di òní, n kò tíì mọ̀ bóyá ìgbà tí mo sọ ọ́ ni mo ṣe ibi, tàbí gbogbo ìgbà tí n kò sọ ọ́.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn ìsìnkú, ní àárọ̀ kan, ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo ń gbálẹ̀.

“Nabor ní ó ń rẹ́rìn-ín,” ó sọ ọ́ lójijì.

Mo dá ìgbálẹ̀ dúró. “Ta ni, Màmá?”

“Evelio. Nígbà tó rí ẹyẹ yẹn. Nabor ní ó ń rẹ́rìn-ín.”

“Bẹ́ẹ̀ ló sọ.”

“Inú rẹ̀ á ti dùn. Á ti rò pé òun ti rí omi.” Ó mú òkúta kan jáde, ó sọ ọ́ nù. “Á ti máa ronú nípa bàbá rẹ̀.”

Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo jókòó tì í. Ó ti abọ́ ẹ̀wà náà sún mọ́ mi, a jọ ń ṣà á.